Ẹni Tí Kò Yọjú sí Kóòtù

Ní Ìjókò, láti Ṣàngó Ọ̀tà títí dé ibi tí rélùwéè gbà kọjá, ó ṣòro kéèyàn má mọ ẹnìkan tí ẹ̀rọ ti ṣe léṣe. Ọmọ àdúgbò wa kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ báyìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin ló gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ náà pe ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ lẹ́jọ́. Ilé iṣẹ́ náà kò yọjú, kò sì fèsì, adájọ́ bá dá ọmọ náà láre. Owó ò tíì jáde tí lọ́yà wọn fi dé pẹ̀lú ìwé ìbúra: mẹ́gàdì ló gba ìwé ìpẹ̀jọ́ lẹ́nu géètì, kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kankan, kí kóòtù jọ̀ọ́ wọ́gi lé ìdájọ́ náà.

Inú bí wa gidigidi. Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, òfin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1937, nínú ẹjọ́ Evans àti Bartlam, adájọ́ Lord Atkin sọ ọ́ ní London pé ìdájọ́ tí kóòtù ṣe láìgbọ́ tọ̀tún tòsì, kóòtù lágbára láti gbà á padà. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Skenconsult àti Ukey, Supreme Court tiwa ní bí wọn kò bá fi ìwé ìpẹ̀jọ́ jíṣẹ́ bí òfin ṣe wí, asán ni ìdájọ́ tó tẹ̀lé e. Mẹ́gàdì kì í ṣe dírẹ́kítọ̀, kì í sì í ṣe akọ̀wé ilé iṣẹ́, irú ẹni tó yẹ kí wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni ilé iṣẹ́ náà sọ, wọ́n ní ẹsẹ̀ tí wọ́n lè fi dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ní 1982, nínú ẹjọ́ Williams àti Hope Rising Voluntary Funds Society, Supreme Court to ohun tí adájọ́ yóò wò: kí ló dé tí olùjẹ́jọ́ kò wá, ṣé ó tètè sáré padà nígbà tó gbọ́, ìyà wo ni yóò jẹ ẹni tó jàre bí wọ́n bá tún ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, báwo ni olùjẹ́jọ́ ṣe hùwà látìbẹ̀rẹ̀, àti pé, ǹjẹ́ ó tiẹ̀ ní àwíjàre kankan? Orí ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo dúró lé. Ìyá ọmọ náà fi ìwé ìbúra wọn hàn mí. Ojú ewé kan àbọ̀ ni wọ́n fi rojọ́ mẹ́gàdì. Wọn kò sọ gbólóhùn kan nípa ẹ̀rọ, wọn kò sọ bóyá ohun kankan bo ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.



Kóòtù lè ṣí ilẹ̀kùn padà, kó sì so àdéhùn mọ́ ọn: kí olùjẹ́jọ́ san owó ìnáwó ẹjọ́, kó sì kó owó ìdájọ́ sọ́wọ́ kóòtù. Níbi tí èèyàn bá ti pàdánù ẹ̀yà ara, mo fẹ́ kí àwọn adájọ́ wa máa lo agbára yìí láìṣe ojú àánú. Gbèsè ilé ìwòsàn ò mọ̀ pé wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Kí ilé iṣẹ́ náà wá rojọ́, mo fara mọ́ ọn; ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé owó kalẹ̀ ná, kí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó gé ọmọ ọlọ́mọ níka.