Okùn Abẹ́ Òkun

  Nígbà tí olóòtú wa ní kí kálukú mú ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan kó kọ nípa ẹ̀, mo ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló máa sáré lọ bá Bill Gates, àwọn tó kù á sì di Zuckerberg mú. Kò burú. Tèmi kò jìnnà tó yẹn. Ọmọ Ilé-Olújì ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá gba Òmùò wọ Èkìtì láti Kabba níbí, kò ní pẹ́ púpọ̀ kó tó dé ìlú bàbá ẹ̀. Funke Opeke lorúkọ ẹ̀. (Kí wọ́n má bínú pé mò ń pe àgbà ní “ó”. Bí ìwé ṣe ń sọ ọ́ ni. Bí mo bá pàdé wọn lójúkojú, màá kúnlẹ̀ dáadáa.)

Orúkọ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní ìwé kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni bíi mẹ́fà kó tó kàn án: Tropical Tree Crops, L. K. Opeke ló kọ ọ́. Kòkó, obì, kọfí, ọ̀pẹ, gbogbo igi tí àwọn bàbá àgbà wa ń gbìn ló wà níbẹ̀. Bàbá Funke ni. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olùdarí ibùdó ìwádìí kòkó tí wọ́n ń pè ní CRIN, n'Ìbàdàn. Tíṣà ni ìyá ẹ̀. Ìbàdàn ló ti dàgbà, Queen's School ló lọ, kó tó lọ sí Ifẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan nínú wa tí wọ́n gbà pé ẹni tí bàbá ẹ̀ kò bá ní epo rọ̀bì kò lè dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Bàbá tiẹ̀, igi ló mọ̀.

Lẹ́yìn Ifẹ̀, ó di Amẹ́ríkà. Columbia University ní New York ló ti gba másítà, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún fún bíi ogún ọdún, títí tó fi di ọ̀gá nínú ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí wọ́n ń pè ní Verizon. Ibí yìí ni ìtàn ọ̀pọ̀ èèyàn tí a mọ̀ máa ń parí sí. Wọ́n á kọ́lé sí abúlé, wọ́n á máa wá lásìkò Kérésì, wọ́n á máa fi owó ránṣẹ́. Àdúrà tí àwọn ìyá wa ń gbà fún wa náà nìyẹn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2005 ó kó ẹrù ẹ̀, ó padà wálé, MTN sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn.

Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi bọ́ sí ọ̀rọ̀ NITEL. Àwọn òbí wa mọ NITEL dáadáa. Kí GSM tó dé lọ́dún 2001, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà pátá kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù lọ, ẹni tó bá sì ní ọ̀kan nílé, ọba kékeré ni ládùúgbò. Lọ́dún 2006 Transcorp ra èyí tó pọ̀ jù nínú NITEL lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì pe Opeke kó wá bá wọn tún un ṣe. Kò ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n nínú àwókù yẹn ló ti fojú ara ẹ̀ rí ohun tó ń jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n bí ojú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn ará Arts. Nígbà yẹn, ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ Nàìjíríà. Ọ̀kan ni sátẹ́láìtì: àwo ńlá orí òrùlé káfè á ju ọ̀rọ̀ yín sókè lọ bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì kìlómítà lójú ọ̀run, á tún já bọ́ wálẹ̀ lápá ibòmíràn. Ó ń falẹ̀, ó sì ń jẹ owó. Bọ̀dá mi sọ fún mi pé nígbà tiwọn, owó oúnjẹ ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń ra wákàtí kan ní káfè, ààbọ̀ wákàtí yẹn á sì ti lọ kí ojú ewé kan tó ṣí tán. Ọ̀nà kejì ni okùn kan tó gba abẹ́ òkun, SAT-3 lorúkọ ẹ̀, àmọ́ NITEL nìkan ló di ẹnu rẹ̀ mú ní Nàìjíríà. Ẹ rí i? Kànga wà, ẹnì kan ṣoṣo ló ni ìdérí ẹ̀, kò sì kánjú láti ṣí i.

Èmi tàbí ìwọ, tí a bá rí irú ẹ̀, a máa kọ létà sí ìwé ìròyìn. Opeke ní òun máa fa okùn tòun. Lọ́dún 2008 ló dá MainOne sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ro nǹkan yìí bó ṣe rí gan-an, torí pé a ti sọ “ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀” títí tí kò fi ní ìtumọ̀ lẹ́nu wa mọ́. Okùn yẹn bẹ̀rẹ̀ láti Portugal, ó yà ní Accra, ó dé Èkó: ẹgbẹ̀rún méje kìlómítà. Ẹ mú ọ̀nà Kabba sí Lọ́kọ́ja, èyí tí tírélà símẹ́ǹtì Ọbájànà ti fọ́ yánnayànna, kí ẹ rìn ín ní ìgbà bí àádọ́rùn-ún, ìsàlẹ̀ òkun ni kí ẹ sì ti rìn ín. Ọkọ̀ ojú omi ló ń rọra tú u sílẹ̀ bí obìnrin tó ń tú òwú. Ní ibi tí omi ti jìn, kò nípọn ju rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà lọ. Àárín ẹ̀ ni fọ́nrán gíláàsì wà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń sá nínú ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà a máa rẹ̀, bí ó bá ti rìn díẹ̀, torí náà wọ́n ń to ẹ̀rọ sójú ọ̀nà tó ń ta á jí, tó sì ń tì í síwájú. Mílíọ̀nù lọ́nà igba ó lé ogójì dọ́là ló ná wọn. Kò sí nínú àpò rẹ̀, kò sí nínú àpò bàbá ẹ̀ tó kọ ìwé igi. Ilé-iṣẹ́ ìnáwó ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn báńkì ilẹ̀ wa ló lọ ń bá lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan tí kò ta sìmẹ́ńtì, tí kò ta epo, tó ń ní kí wọ́n wá fún òun lówó òun fẹ́ rì í sínú omi.

Oṣù keje ọdún 2010 ni okùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Glo náà fa tiwọn dé láàárín ìgbà yẹn, kí n má puró pé òun nìkan ni. Àmọ́ ti Glo, ilé-iṣẹ́ tó ti ní oníbàárà tẹ́lẹ̀ ló ń fà á fún ara ẹ̀. Ti MainOne, gbogbo ayé ló fẹ́ tà á fún, kódà àwọn tó ń bá ara wọn du ọjà. Owó íntánẹ́ẹ̀tì wálẹ̀. Lọ́dún 2015 wọ́n ṣí ilé ńlá kan ní Lẹkki níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ lè kó kọ̀ǹpútà wọn sí, kó má jẹ́ pé ohun tí ará Èkó ń bi ará Èkó á kọ́kọ́ lọ Yúróòpù kó tó padà wá dá a lóhùn. Lọ́dún 2019, okùn náà ti ya dé Senegal àti Côte d'Ivoire.

Màmá mi ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni, rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá gàrí wọn lọ́jà, mo sì lọ bá wọn jókòó. Rédíò ní okùn bíi mẹ́rin já lábẹ́ òkun lọ́wọ́ Abidjan, ti MainOne wà nínú wọn, pé ọ̀rọ̀ náà ti ba iṣẹ́ báńkì jẹ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Màmá ní, “Kí ló wá kan Kabba nínú òkun?”

Mo ṣàlàyé. Mo ní bí ẹnì kan bá tẹ owó ránṣẹ́ sí wọn láti Abuja, nígbà míì ọ̀rọ̀ náà lè gba abẹ́ omi kọjá kó tó dé orí fóònù wọn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo gàrí wọn.

“Ẹ̀yin ọmọ ìwé. Orúkọ wa ni Òkun, a kò rí òkun rí. Okùn la mọ̀, òun la fi ń so ewúrẹ́. Ṣé ẹ tún ti wá fi okùn so òkun báyìí?”

Oníbàárà wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé iye tó fẹ́ rà. Àmọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló kan Kabba?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu ba àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa nígbà tí mo ka ìwé yìí sétígbọ̀ọ́ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni Equinix, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn máa ra MainOne ní mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún dọ́là. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n parí ẹ̀. Opeke ṣì darí ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lábẹ́ wọn kó tó gbé e sílẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa fò dìde pé, “Ó tà wá!” Ó ní àwọn òyìnbó gbé okùn lọ́wọ́ wa bí wọ́n ṣe gbé kòkó. Ẹlòmíràn ní kò sí ohun tó kàn án, ẹni tó ní ewúrẹ́ ló ń ta ewúrẹ́. Ariwo yẹn gbóná.

Èrò tèmi ni pé òun nìkan kọ́ ló ni ewúrẹ́ yẹn. Àwọn tó kó owó sílẹ̀ lọ́dún 2008 fẹ́ gba owó wọn, wọ́n sì ti dúró fún ọdún mẹ́tàlá. Àti pé okùn náà ṣì wà níbi tó wà, kò ká ara ẹ̀ jọ lọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn tán. Ìpinnu lórí ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti jìnnà sí wa díẹ̀ sí i. Bí akọ̀wé bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, kó bínú sí àwọn olówó ilẹ̀ wa tó ní irú owó yẹn lọ́wọ́ tí wọn kò rà á.

Ó dáa, Kabba ńkọ́? Okùn dé etí òkun Èkó láti ọdún 2010. Ní ọdún yìí, ẹni tó bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ láti họ́sítẹ̀lì wa ṣì ní láti jáde lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, kó gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń ṣàdúrà. Ẹgbẹ̀rún méje kìlómítà inú omi kò dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ìwọ̀nba tó kù lórí ilẹ̀ ló sú u. Lórí ilẹ̀, ó di kí wọ́n gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, gbogbo ìjọba tí kòtò náà bá sì gba iwájú ilé ẹ̀ ló fẹ́ gba owó. Lọ́dún 2013, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ fẹnu kò sí náírà 145 lórí mítà kan. Ọ̀pọ̀ gómìnà kò tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2020, Kwara tó jẹ́ aládùúgbò wa, tí àwa náà jẹ́ ara ẹ̀ kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ lọ́dún 1991, ní náírà kan ṣoṣo ni àwọn máa gbà lórí kìlómítà kan. Náírà kan! Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ilé gómìnà nínú yín, kó bá wa sọ fún un.

Kò sí fọ́tò lára irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò fún okùn, tí ó bá ṣe é dáadáa, wọ́n á bo ó mọ́lẹ̀, koríko á hù sórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó débẹ̀.

Bọ̀dá mi tó wà ní Kánádà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n tètè ṣe pásípọ́ọ̀tì, pé ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà kò yẹ kó máa jókòó sí Kabba, pé àwọn ti bá Màmá sọ ọ́. Mo sọ ìtàn Opeke fún wọn. Wọ́n ní, “Ogún ọdún ló kọ́kọ́ lò lọ́hùn-ún, ṣé o gbọ́? Kó tó padà, ó ti ní nǹkan tó fẹ́ padà wá ṣe.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò rí èsì. Màmá ò dá sí i. Wọ́n kàn ní bí mo bá máa lọ kí n lọ, bí mo bá máa dúró kí n má dúró lásán.

N kò tíì ṣe pásípọ́ọ̀tì náà, n kò sì tíì sọ pé n kò ní ṣe é. Àmọ́ létà I.T. mi ti wà lọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka wa láti ọjọ́ Ajé. Gbogbo kíláàsì wa ló kọ Èkó àti Abuja. Èmi kọ Lọ́kọ́ja, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ kòtò.