Rọ́bà Hándù Kì í Ṣe Ohun Àfagbárayọ

Iṣẹ́ kékeré kan wà tó máa ń tú àṣírí ẹni tí sùúrù rẹ̀ kò tó nǹkan: yíyọ rọ́bà ọwọ́ kúrò lára hándù kẹ̀kẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fà á, á lọ́ ọ, á bú u, nígbà tó bá sì sú u, á ní kí wọ́n bá òun wá abẹ. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń bá jà kò ju ọ̀pá irin oníhò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22.2 lọ, àti rọ́bà tí inú rẹ̀ fún jù ú lọ díẹ̀. Fífún yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ rọ́bà náà. Èyí tí kò bá fún mọ́ á máa yí mọ́ni lọ́wọ́, ẹni tí rọ́bà bá sì yí mọ́ lọ́wọ́ lórí ìsọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ ló ń lọ.

Orí ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n kúkú bí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní mountain bike sí. Ní àwọn òkè Marin County ní California, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ìdíje sísáré sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní ọdún 1976. Nígbà tó di ọdún 1977, Joe Breeze, ọ̀kan nínú wọn, ti jókòó ṣe kẹ̀kẹ́ tuntun fún iṣẹ́ náà. Ojú ọ̀nà eléruku, olókùúta ni wọ́n ń gbà, gbogbo ohun tí táyà bá sì gbá, ọwọ́ ló ń bọ̀. Rọ́bà hándù ló ń gba ìpín tirẹ̀ níbẹ̀ kó tó dé apá. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀ lè má fojú kan òkè mọ́ láyé, kó jẹ́ búrẹ́dì àti ọmọ iléèwé ni yóò máa gbé. Àmọ́ oòrùn àti òógùn ti bá rọ́bà rẹ̀ gbé pẹ́, ó ti lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́. Ọjọ́ tí bíréèkì ọwọ́ bá bàjẹ́ la máa ń mọ̀, torí pé ẹnu ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ bíréèkì àti jíà ń gbà jáde, rọ́bà ló sì dí ẹnu ọ̀nà.

Ìsọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Abẹ́òkúta ni mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bíréèkì ọ̀tún kẹ̀kẹ́ mi ló kán, rọ́bà rẹ̀ sì dára ju èyí tí mo lè rí rà lọ́jà lọ. Ọmọ iṣẹ́ ti gbé abẹ lé e nígbà tí ọ̀gá fi pariwo.

“Ìwọ, kí lo fẹ́ fi abẹ ṣe?”

“Ọ̀gá, ó ti lẹ̀ mọ́ irin ni, sà. Mo fà á, kò gbọ́.”

“Ta ló ní kó o fà á? Gbé abẹ yẹn sílẹ̀, kó o bá mi mú sípíríìtì wá.” Ó yíjú sí mi. “Ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn, bùrọ̀dá.”

Igi sùyà ni ọ̀gá fi bẹ̀rẹ̀. Ó ha ẹnu rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì títí kò fi mú mọ́, ó kì í bọ abẹ́ rọ́bà láti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí bíréèkì, ó sì rọra ń tì í wọlé. Kò lo sukudiráfà, torí irin á ha ọ̀pá náà. Tó bá wá jẹ́ ọ̀pá carbon ni, ibi tí a ha lónìí lè di ibi tí yóò ti sán lọ́la. Ó fa sípíríìtì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísí, sínú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó sì fún un sí àlàfo tóóró tí igi náà là. Ó tẹ rọ́bà náà yíká kí sípíríìtì lè dé ibi gbogbo, ó wá ń lọ́ ọ síwá sẹ́yìn. Kò fà á rárá títí ó fi ń yí fàlàlà. Ìgbà yẹn ló tó fà á, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní odidi.

Ti òsì kò tiẹ̀ gba sípíríìtì. Fọganáísà ẹ̀gbẹ́ wọn ló bá wa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí abẹ́ etí rọ́bà náà. Ó wú díẹ̀, ó gbéra kúrò lára irin, ó sì jáde wọ́ọ́rọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà dúró síwájú rẹ̀, torí ó lè fò jáde.

Mo bi ọ̀gá pé kí ló dé tí kò lo epo, nígbà tó jẹ́ pé epo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà sí i. Ó ní epo á ṣí i lóòótọ́, àmọ́ epo kì í lọ. Bí a bá dá rọ́bà náà padà, á máa yọ̀ ṣáá. Bí epo bá sì ta sí bíréèkì aláwo, ìyẹn disc brake, bíréèkì kò ní mú mọ́. Pẹtiróòlù ní tirẹ̀ á mú kí rọ́bà wú, kó sì bàjẹ́. Sípíríìtì kò rí bẹ́ẹ̀. A lè fi sípíríìtì rẹ inú rọ́bà náà, kí a dá a padà síbẹ̀, kó gbẹ tán, kó sì tún di irin mú. Kí a ṣáà má mu sìgá nítòsí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ tú ohun méjì tó ti lẹ̀ mọ́ra, kó wá olùrànlọ́wọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kóun lọ. Mo mọ àwọn alárinà tó parí ìjà tọkọtaya, tí wọn kò sì kúrò láàárín wọn títí dòní.

Kẹ́nikẹ́ni tó kì igi bọ abẹ́ rọ́bà hándù, kó kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Àwọn rọ́bà kan wà tó jẹ́ òrùka irin àti bóòtù kékeré ló dì wọ́n mú. Alinkí mìlímítà 2.5 tàbí 3 ni ọ̀pọ̀ wọn ń fẹ́. Tú bóòtù náà, ó ti tán.

Kì í ṣe tìtorí owó rọ́bà ni mo ṣe ń sọ gbogbo èyí. Rọ́bà tí a gé, tàbí tí a gún ìdí rẹ̀ lu, kì í bo ẹnu ọ̀pá mọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, hándù á yí, ẹnu ọ̀pá náà á sì kọjú sí ikùn rẹ̀. Àwọn dókítà mọ irú ìṣubú yìí dáadáa: ó lè ba ẹ̀dọ̀, ọlọ inú tàbí ìfun jẹ́, kó sì jẹ́ pé àpá kékeré ni a máa rí lára awọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo hándù kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ yín. Bí irin bá ti yọjú níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gùn ún títí ẹ ó fi rí ohun bò ó.