Àpáta Ṣábẹ̀, Yàrà Kétu

Bí a bá kúrò ní Àjàṣẹ́ tí a kọjú sí àríwá, ilẹ̀ kì í jẹ́ oríṣi kan lójú wa. Ní etí ọ̀sà, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni. Ní agbègbè Pọ̀bẹ̀ àti Kétu, ilẹ̀ pupa ni ó tẹ́ rẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá dé Ìdáàṣà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìlú òkè 41, àti Ṣábẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀, àwọn àpáta ńlá a máa yọrí láàárín pápá.

Akọ òkúta ni àpáta Ṣábẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní granite. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti kọ́kọ́ wà, ní yíyọ́ àti ní gbígbóná, kí ó tó tutù díẹ̀díẹ̀ tí ó sì le. Èyí ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Láti ìgbà náà ni òjò àti ọ̀gbàrá ti ń wọ́ erùpẹ̀ tí ó bò ó lọ, títí ó fi yọ síta. Bí ẹrù orí rẹ̀ ti ń fúyẹ́, ara rẹ̀ ń là, ó ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí orí rẹ̀ fi rí roboto. Nígbà tí a gun ọ̀kan nínú wọn, a rí kòtò tí omi òjò dúró sí, a sì rí koríko tí ó dì mọ́ àpáta. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, yóò gbẹ bí ẹni pé ó ti kú. Bí òjò bá rọ̀, yóò tún tutù yọ̀yọ̀.

Ìtàn ti ìhà gúúsù yàtọ̀. Òkun ti bo apá ibẹ̀ rí. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Onígbólò láti fi ṣe sìmẹ́ńtì jẹ́ ẹ̀rí òkun àtijọ́ náà.

Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ń dà wá láàmú, ilẹ̀ ni ó fi ọ̀nà ààbò han ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Ṣábẹ̀ àti Ìdáàṣà sá gun òkè, wọ́n fara pamọ́ sáàárín àpáta. Kétu kò ní àpáta. Odi amọ̀ àti yàrà jíjìn tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ pupa ni ó gbára lé, pẹ̀lú Akaba Ìdènà ní ẹnu ọ̀nà. Ní 1886, ogun náà fọ́ Kétu. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn wa dáadáa ní láti mọ ilẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ lé lórí.

Lónìí, ilé ń pọ̀, ọ̀nà ń gbòòrò, gbogbo wọn sì ń fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Ní ilẹ̀ olókè yìí, àwọn ìyá wà tí ó jẹ́ pé òkúta fífọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. A kò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó máa wo òkè. Síbẹ̀, igi tí a gé lè rúwé. Àpáta tí a fọ́ ti lọ nìyẹn. Èwo ni a lè fọ́, èwo ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ta ni yóò sì pinnu?

Àwọn mìíràn ti ń wá ìdáhùn. Ní 2015, UNESCO fọwọ́ sí ètò géoparc, níbi tí a ti ń dáàbò bo ilẹ̀ àti òkúta, tí a ń fi wọ́n kọ́ ọmọ, tí ará ìlú sì ń jẹ èrè àlejò tí ó wá wò wọ́n. M’Goun ní Mòrókò àti Ngorongoro-Lengai ní Tansaníà wà lára wọn. Ní 2021, ó ya ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá sọ́tọ̀ fún onírúurú ilẹ̀ àti òkúta ayé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má dúró de àlejò. Ẹ lọ bá àwọn àgbà, ẹ béèrè orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan àti ìtàn rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò ibi tí ó jẹ́ ti òrìṣà. Ẹ kọ ibi tí omi wà sílẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ní ọjọ́ tí ilé méérì bá fẹ́ pinnu òkè tí wọn yóò fọ́, kí ìwé yín ti wà lórí tábìlì.