Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Wa láti Ìgbẹmọ dé Ìkógòsì

Ẹni tí kò bá tíì wa kẹ̀kẹ́ gun òkè ilẹ̀ wa kò tíì mọ ohun tí orúkọ náà Èkìtì, tí a ń sọ pé inú òkìtì ni ó ti wá, túmọ̀ sí. Èmi pàápàá kò mọ̀ ọ́n tán, àfi ní ọjọ́ Sátidé kan tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin dìde láti Ìgbẹmọ, tí a kọ ojú sí Ìkógòsì.

Kì í ṣe afẹ́ ni ó mú wa jáde. Ní ìlú wa, tí a mọ̀ káàkiri mọ́ ìrẹsì, obìnrin kan wà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú láti kékeré. Ọwọ́ ni ó fi ń wọ́ ara rẹ̀ lọ sí ibi tí ó ti ń ta iyọ̀ àti ata. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ yí ni ìbá ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká a. Lóòótọ́, ní 25 Oṣù Kẹjọ 2020 ni a kéde pé irú àrùn náà ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ìkéde kò lè tún ẹsẹ̀ tí ó ti rọ ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyanjú ni ó fún wa ní àpẹẹrẹ. Ní 19 Oṣù Kẹrin 2022 ni ó gun alùpùpù kúrò ní London, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì dé Èkó ní 29 Oṣù Karùn-ún, kí ó lè kó owó jọ fún iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Rotary ń ṣe láti pa àrùn yìí run. Ṣáájú rẹ̀, ní 1980, Billy Starr àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, 36 ni gbogbo wọn, ti wa kẹ̀kẹ́ la ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà já nítorí àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe. Àwa kò ní alùpùpù, a kò sì pọ̀ tó 36. Olùkọ́ kan, àgbẹ̀ onírẹsì kan, télọ̀ kan, àti èmi akọ̀wé, ni gbogbo wa. A tọ àwọn ènìyàn ìlú lọ, wọ́n sì ṣèlérí iye kan fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi ẹsẹ̀ ara wa wà. Èmi ni wọ́n fi ìwé ìṣirò lé lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a gbéra. A bọ́ sí Adó, níbi tí Archdeacon Dallimore ti dá Christ's School sílẹ̀ ní 1933, a mu omi, a sì jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. A la Ìyìn kọjá, ìlú Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ẹni tí ó ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láti 1966 sí 1971. Nígbà tí a sún mọ́ Ìgèdè, táyà olùkọ́ jò. Bí fọganáísà ti ń lẹ̀ ẹ́, olùkọ́ ń sọ fún wa bí Dunlop ti fi afẹ́fẹ́ sínú táyà kẹ̀kẹ́ ní Belfast ní 1888. Àgbẹ̀ dáhùn pé, “Ìbá ti fi òkúta sí i, kì bá tí jò.”

Lẹ́yìn Ìgèdè ni ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Oòrùn mú, òkè sì ga. Télọ̀, tí ó dàgbà jù wá lọ, kígbe pé iṣan itan òun ti ká. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a fi omi ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dìde. Ọkọ̀ oníṣu kan dúró. Awakọ̀ náà ṣàánú, ó gbé òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun òkè náà títí dé Àrámọ̀kọ, ìrìn kìlómítà mẹ́rin. Níbẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nígbà náà ni àgbẹ̀ fa mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Akọ̀wé, ẹ má kọ ti ọkọ̀ yẹn sínú ìwé. Ta ni ó rí wa? Owó aláìsàn sáà ni.” Mo jẹ́wọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ṣírò rẹ̀ títí a fi kọjá Ẹ̀rìjìyàn: bí a bá yọ kìlómítà mẹ́rin, owó náà kò ní tó ra kẹ̀kẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni a dé Ìkógòsì. Omi gbígbóná ń sun ní apá kan, omi tútù ní apá kejì. Wọ́n pàdé, wọ́n sì ń ṣàn lọ pọ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá ti ọwọ́ bọ ibi tí wọ́n ti pàdé yóò mọ èyí yàtọ̀ sí èyí. Ibẹ̀ ni John McGee, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ti ṣe ibùdó ní 1952. Bí a ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, télọ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé, “Akọ̀wé, ẹ ti kọ kìlómítà mi mẹ́rin sílẹ̀ bí? Ẹ kọ ọ́ o. N kò fẹ́ kí obìnrin yẹn máa gun irọ́ mi lọ sọ́jà.” Ojú tì mí, mo sì kọ ọ́.

Nígbà tí a padà délé, mo ka ìwé náà fún àwọn tí ó ṣèlérí. Àwọn kan san gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kan sọ pé àdéhùn ni àdéhùn, ó sì yọ owó kìlómítà mẹ́rin kúrò. Nítorí náà, ní Sátidé kejì, èmi àti télọ̀ padà sí ẹsẹ̀ òkè náà. A gùn ún, a sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, a sì dé Àrámọ̀kọ. Bàbá san owó rẹ̀ láìjanpata.

Lónìí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà wà ní Ìgbẹmọ. Ṣéènì rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀kan, olùkọ́ sì tún un ṣe. Ẹ̀yin ará, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bí ẹ bá ń ṣe àánú, ẹ jẹ́ kí ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́; nítorí ẹni tí a ń ṣe é fún ni yóò máa jókòó lé e lórí lójoojúmọ́.