Iṣẹ́ obìnrin kan di eérú: bí Charlie Chaplin ṣe dáná sun fíìmù Edna Purviance

Gbogbo ẹni tó bá mọ Charlie Chaplin, aláwàdà inú fíìmù àtijọ́ tó máa ń dé fìlà róbótó, tó máa ń ju ọ̀pá kiri, ẹ̀rín ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá náà ṣe lọ́dún 1933 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Odidi fíìmù kan ló ní kí wọ́n dáná sun níṣojú ẹlẹ́rìí, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ Edna Purviance di eérú.

Ta ni Edna? Láti 1915 lobìnrin náà ti ń bá Chaplin ṣeré, fíìmù tí wọ́n jọ ṣe lé ní ọgbọ̀n. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ra wọn nígbà kan. Ìfẹ́ tán, Chaplin gbé ẹlòmíì níyàwó, síbẹ̀ wọ́n ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1924 tí awakọ̀ Mabel Normand yìnbọn fún olówó epo rọ̀bì kan níbi tí Edna náà wà. Ọkùnrin náà kò kú o, ṣùgbọ́n àwọn oníwèé ìròyìn kò jẹ́ kí Edna sinmi mọ́.

Nígbà tó di 1926, Chaplin gbówó kalẹ̀ kí Edna lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Josef von Sternberg ló ní kó darí eré náà, wọ́n sì forí lé etíkun Monterey ní Kalifóníà. Wọ́n pe fíìmù náà ní A Woman of the Sea. Kò lóhùn, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Ìtàn ọ̀hún kò ṣàjèjì sáwa èèyàn. Ọmọ apẹja ni Joan àti Magdalen. Peter, apẹja bíi bàbá wọn, ni Magdalen fẹ́ fẹ́, àfi bí òǹkọ̀wé kan ṣe ti ìgboro dé, tó sì tẹ̀ lé e lọ. Peter bá fẹ́ Joan, ìyẹn Edna. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Magdalen padà wá sétí òkun, ọkọ ọmọ ìyá rẹ̀ ló tún ń wò!

Sternberg sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi í hàn. Chaplin kò gbé e jáde. Ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di 1933, tí ọ̀rọ̀ owó orí fi dé. Kí ìjọba lè gbà pé àdánù ni owó tó ná sí i, wọ́n ní kí wọ́n sun ún. Bẹ́ẹ̀, Sternberg yìí kan náà ló darí fíìmù tó sọ Marlene Dietrich di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Jámánì lọ́dún 1930.

Edna ṣe ẹyọ kan sí i nílẹ̀ Faransé, ó parí síbẹ̀. Àwọn fọ́tò tí wọ́n yà nígbà iṣẹ́ Monterey nìkan ló kù.

Ká má purọ́, Chaplin kò pa Edna tì. Ó ń sanwó fún un títí tó fi kú lọ́dún 1958. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá, ẹ gbọ́ ọ yé ara yín: ẹni tó ń fún yín lówó oṣù lè máa fún yín lọ, kó má sì jẹ́ kí ayé rí ohun tẹ́ ẹ ṣe. Èwo ló dùn nínú ìyẹn?