Wọ́n Ní Ìrẹ̀wẹ̀sì Kì í Ṣe Àìsàn Wa

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta kì í fi oògùn bẹ̀rẹ̀ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹjọ́ tí aláìsàn ń rò ló fi ń bẹ̀rẹ̀: "Orí mi ń gbóná." "Àyà mi ń já." "Nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà." Màmá ní ẹni tí kò bá fara balẹ̀ béèrè bóyá aláìsàn ń sùn, bóyá oúnjẹ ń wù ú, bóyá ayé ṣì ń wù ú í gbé, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni yóò máa tọ́jú láti oṣù dé oṣù.

Ibi tí ohùn rẹ̀ ti máa ń le ni ọ̀rọ̀ J. C. Carothers, dókítà ìjọba amúnisìn tó ṣiṣẹ́ ní Kenya. Ní 1953, nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde, ọkùnrin náà kọ ọ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín adúláwọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú wèrè ló kà; ta ni yóò gbé ẹni tó kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, lọ sí ilé ìtọ́jú wèrè kí dókítà tó rí i kà?

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, di olórí ilé ìwòsàn Aro. Ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé ní abúlé tó wà nítòsí, kí ẹbí wọn kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Nígbà tó yá, òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell kó àwọn oníwádìí wọ àwọn abúlé lọ, wọ́n ń bi àwọn èèyàn léèrè níbi tí wọ́n ń gbé. Ìwé wọn jáde ní 1963. Àmì ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn wà níbẹ̀ dáadáa. Màmá gbà pé ìwádìí yẹn ló dá iṣẹ́ àwọn láre.

Oògùn ńkọ́? Egbòogi asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn wa fi ń mú wèrè tó ń jà rọlẹ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Ṣùgbọ́n reserpine tó wà nínú rẹ̀ lè mú kí ọkàn ẹlòmíràn túbọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Münsterlingen ní Switzerland ni ọ̀nà mìíràn ti là ní 1956: Roland Kuhn fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì dè mọ́lẹ̀ ní imipramine, ayé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wù wọ́n. Valium jáde ní 1963 fún àìbalẹ̀ ọkàn. Kíá ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń di bárakú, ìdí nìyí tí Màmá kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹnìkan ń rà á jẹ fúnra rẹ̀ ní kẹ́mísì.

Amitriptyline, tí í ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹnu á kọ́kọ́ gbẹ, oorun á máa kun aláìsàn, ara kò sì ní tíì yá, torí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí iṣẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tó hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á nù. Àwọn mìíràn á dá a dúró ní kété tí ara bá yá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó yẹ kí wọ́n lò ó fún bí oṣù 6 sí i.

Bí ẹnìkan nílé yín kò bá rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò sì wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má dúró dìgbà tí yóò máa jà kí ẹ tó mú un lọ rí dókítà.