Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá Rìn

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Lágbègbè wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, a kì í fi òwe yìí ṣeré. Ọmọ tó bá ti ríṣẹ́ gidi l'Ékòó tàbí l'Ábújá, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé, "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jókòó, ẹ sinmi." Yóò wá ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa pọnmi, yóò bá ọlọ́kadà ṣàdéhùn pé kó máa gbé ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ra àga onítìmùtìmù sí pálọ̀. Àdúgbò á máa sọ pé ìyá náà jèrè ọmọ. Ìfẹ́ ni, n kò ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí èémí àgbà, ó sì ń dùn mí pé a kì í sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà ní Ìfọ́n. Oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó ni wọ́n fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀, tẹrù tẹrù. Nígbà tí àwọn ọmọ ní kí wọ́n fi oko sílẹ̀, kì í ṣe ìkẹ́ nìkan ló fà á. Ẹ̀rù ọ̀nà wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn agbébọn pa Ọlúfọ́n, Ọba Israel Adeusi, lójú ọ̀nà ní tòsí Ẹlẹ́gbẹ́ka. Ìlú tí wọ́n ti pa ọba rẹ̀ lójú títì, ta ni yóò ní kí arúgbó òun máa dá wọ igbó? Ìyá jókòó. Wọ́n sanra díẹ̀, ara wọn ń dán, gbogbo wa ń kí wọn kú ìgbádùn. Nígbà tó yá, kí wọ́n rìn láti yàrá dé ẹnu géètì, wọ́n á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwọn kan ní ọjọ́ orí ni, àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ọmọ wọn obìnrin gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀, mo sì bá wọn lọ. Dókítà yẹ àyà wọn wò, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò rí àrùn kankan tó lè mú wọn mí bẹ́ẹ̀. Ó ní ká lọ rí físíò, ìyẹn olùtọ́jú tó ń fi ìdárayá wo aláìsàn.

Físíò yìí kò lo ẹ̀rọ kankan ju aago ọwọ́ lọ. Ó ti fi téèpù wọn 30 mítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ó sì gbé àmì sí ìpẹ̀kun méjèèjì àti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní kí ìyá kọ́kọ́ jókòó sinmi dáadáa. Ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, ó sì bi wọ́n pé bí a bá kà á láti 0 dé 10, báwo ni èémí ṣe nira fún wọn tó. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n máa rìn lọ kí wọ́n máa rìn bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí wọ́n má sáré. Bó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fara ti ògiri, ṣùgbọ́n aago ò ní dúró. Ọmọ wọn dìde láti lọ di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Físíò ní rárá o, pé bí ẹnìkan bá bá wọn rìn, ìrìn ẹni yẹn ni wọn yóò máa tẹ̀ lé, a kò sì ní mọ agbára tiwọn. Ọmọ náà padà jókòó, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́lọ́wọ́. Bí ìṣẹ́jú kan bá ti pé, físíò á sọ pé, "Ẹ ń ṣe dáadáa, Màmá. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún." "Ẹ ń ṣe dáadáa. Ó ku mẹ́rin." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá dúró lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí àkókò pé, wọn kò rìn tó 250 mítà. Láàárín 400 sí 700 mítà ni àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń rìn.

Físíò jókòó tì wọ́n. Ó ní, "Màmá, ọkàn yín kò ṣàìsàn. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti rán an níṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Ọkàn ènìyàn kò ju ìkúùkù olówó rẹ̀ lọ. Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan tó lítà 5. Bí iṣẹ́ bá dójú ẹ̀, ó lè di lítà 20; ti àwọn eléré ìje gidi ń kọjá 30. Ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ bá iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Ọkàn tó bá ń ṣiṣẹ́ déédéé á máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà kò ní í máa lù kíkankíkan bí olówó rẹ̀ bá jókòó. Èyí tí kò níṣẹ́ á dín agbára rẹ̀ kù, iṣan ẹsẹ̀ náà á sì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lo ọ́síjìn tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Archibald Hill, ará Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọn gbèdéke ọ́síjìn tí ara lè lò, ní nǹkan bí ọdún 1923. Òun fúnra rẹ̀ gbé àpò sẹ́yìn, ó ń sáré yí pápá ká, èémí rẹ̀ ń wọnú àpò náà kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1968, Kenneth Cooper, dókítà ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí ènìyàn bá sáré fún ìṣẹ́jú 12, ibi tó bá sá dé lè fi agbára èémí rẹ̀ hàn láìsí àpò kankan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn rẹfirí bọ́ọ̀lù fi sá eré Cooper yìí. Nígbà tó yá, àwọn dókítà sọ sísáré di rírìn fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Èyí tó kó mi láyà sókè jù ni ti ìlú Dallas. Ní 1966, àwọn olùwádìí níbẹ̀ ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún tí ara wọn le, tí wọ́n tó nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí wọ́n dìde, agbára èémí tí wọ́n pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n wá àwọn márààrún rí, wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí ọgbọ̀n ọdún gbà lọ́wọ́ wọn kò tó ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gbà. Wọ́n wá ń rìn, wọ́n ń sáré pẹ̀lẹ́, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ fún oṣù mẹ́fà, agbára wọn sì padà sí ti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ogún ọdún, kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Kí a wá fi èyí wo ìyá tí a mú jókòó láti Kérésì dé Kérésì.

Àṣà wa kò sì fìgbà kan sọ pé àgbà kò gbọdọ̀ làágùn. Ọdún Igogo ní Ọ̀wọ̀, ọjọ́ 17 ni. Ìlù kò gbọdọ̀ dún, agogo ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, á dirun, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, á jó láàárín ìlú, àwọn olóyè tí orí wọn ti funfun á sì máa jó pẹ̀lú wọn. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wo àgbà kan níbẹ̀ tí òógùn bo àyà rẹ̀, tó ń tẹ ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ, tó sì ń gbe orin láìjákùn. Àwọn físíò náà a máa fi orin díwọ̀n: bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n lò ń ṣe. Ẹni tó jó títí tó tún ń kọrin, èémí rẹ̀ ṣì kù.

Ohun tí físíò kọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni pé kí wọ́n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, nínú ìlú, kì í ṣe lójú ọ̀nà oko. Àwọn ọmọ jà. Ọmọ wọn àgbà ní ojú yóò ti òun bí ará ìlú bá rí ìyá òun tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ra ata lọ́jà. Ìyá fúnra wọn ló parí ìjà náà; wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí a padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọn kò dúró lójú ọ̀nà rárá, wọ́n sì kọjá 350 mítà.

N kò sọ pé kí á ti àgbà síta láìyẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kígbe. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Sam Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ta ni ì bá wo agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kó ní kò lágbára? Ojú kò lè díwọ̀n ọkàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́fà yìí dé gbogbo ilé ìtọ́jú alábọ́dé, láti Ìdóàní dé Òkèlúsè, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn àgbà. Kò gbà ju okùn tí a wọ̀n, aago, àga kan, àti nọ́ọ̀sì tó mọ ìgbà tó yẹ kó ní kí àgbà dúró: bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, bí ẹsẹ̀ bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Ibi tí ilé ìtọ́jú bá ti kéré, báráńdà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a máa gùn tó, ó sì máa ń ṣófo bí àwọn ọmọ bá ti jáde lọ́sàn-án.